Ọjọ́ tí Adéfúnmi Gbé Wáìnì Kaná

Ìgò wáìnì pupa mẹ́fà ni Adéfúnmi kó wọlé láàárọ̀ Sátidé tó ṣáájú Kérésì. Ó rọra ń tò wọ́n sílẹ̀ ní kíṣìnì bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn, kí wọ́n má baà kan ara wọn kí wọ́n dún. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ti wà nínú lọ́kà rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ì bá kó wọn sí bùútù ọkọ̀, àmọ́ òtútù Calgary lóṣù December kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Wáìnì á dì gbagidi, ìgò á sì bẹ́. Inú ilé ńkọ́? Inú ilé gan-an ni kò fẹ́ kí wọ́n sùn mọ́jú, nítorí Ṣínà, ọkọ rẹ̀.

Ará Ṣàgámù ni Adéfúnmi. Bàbá rẹ̀ ń ránṣọ, ìyá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń fẹnu kan ọtí nínú àwọn méjèèjì. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣiṣẹ́ bánkì n'Íbàdàn kí òun àti Ṣínà tó gba PR, ìwé àṣẹ ìgbélùú, tí wọ́n sì gbé Olúwadùnsìn, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ṣì ń rá kòrò nígbà náà, wá sí Canada. Inú basement kan ní Forest Lawn ni wọ́n kọ́kọ́ dé sí. Adéfúnmi ríṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń bọ́ wọn, ó ń gbọ́ ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́, kò sì fajú ro sí wọn. Ti Ṣínà ló le. Ẹnjiníà ni nílé, níléeṣẹ́ epo, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní "sà". Níbí, forklift ló ń wà nínú ilé ìkẹ́rùsí kan. Ó ní oṣù mẹ́fà péré lòun fẹ́ fi ṣe é. Ọdún mẹ́rin kọjá.

Ibẹ̀ ni ọtí ti wọlé. Kò fò fèrèsé wọlé bí olè; ẹnu ọ̀nà ló gbà. Bíà kan lẹ́yìn iṣẹ́, kára lè tù ú. Nígbà tó yá, ó di méjì. Nígbà tí wọ́n fi máa ra ilé kékeré tí wọ́n ń gbé báyìí ní Abbeydale, Adéfúnmi ti ń rí ìgò wáìnì lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, nínú bàtà òjò, nínú àpótí irinṣẹ́. Ó ń gbàdúrà, ó ń bínú, ó sì ń pa á mọ́ra. Ohun tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé ilé ọkọ kì í ṣe ohun à ń ṣí ìdérí rẹ̀ fún aráyé.

Lọ́jọ́ kan lóṣù October ọdún tó kọjá, Ṣínà ló yẹ kó gba Dùnsìn wọlé nígbà tí bọ́ọ̀sì iléèwé bá já a sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà títí, ó gbálẹ̀kùn títí, snow ń bọ́ lé e lórí, bàbá rẹ̀ sì wà nínú ilé, ó sùn fọnfọn lórí àga pẹ̀lú ìgò lẹ́sẹ̀. Caroline, ìyá àgbà kan tílé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ló rí ọmọ náà lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú, tó sáré wá gbé e lọ sílé rẹ̀, kó tó mú un padà fún bàbá rẹ̀ nígbà tí ìyẹn jí. Nígbà tí Adéfúnmi dé láti ibi iṣẹ́, tó lọ dúpẹ́, ó ní, "Ara ọkọ mi ni kò yá. Oògùn tó lò ló kùn ún lóorun." Caroline wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní kò burú.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ṣínà sunkún bí ẹni tí wọ́n sọ òfò fún. Akeem, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, tó ń gbé ní Whitehorn, ló wá gbé e lọ́jọ́ kejì lọ sí ìpàdé àwọn tó ń gbìyànjú láti fi ọtí sílẹ̀, nínú basement ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Forest Lawn. Mùsùlùmí ni Akeem, ìpàdé yẹn kò sì kàn án, síbẹ̀ ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ níta títí Ṣínà fi jáde. Láti ọjọ́ náà, oṣù mẹ́rìnlá gbáko, ọtí kò kan Ṣínà lẹ́nu.

Kí ló wá dé tí ìgò mẹ́fà fi wà ní kíṣìnì?

Ìdílé márùn-ún ló máa ń péjọ ládùúgbò náà ní Sátidé tó bá ṣáájú Kérésì, ilé kan á sì gba àlejò lọ́dọọdún. Wáìnì gbígbóná ni olórí ohun tí wọ́n máa ń mu níbẹ̀: wọ́n á fi ọsàn, kànáfùrù àti sínámọ́nì sè é, wọ́n á bù ú sínú kọ́ọ̀pù bíi tíì. Lóṣù November ni Caroline wá sọ pé ọdún yìí kan ilé wọn, kí Adéfúnmi tó rí èsì fọ̀, Ṣínà ti rẹ́rìn-ín, ó ní, "No problem at all. We'll do it."

Caroline kò tíì sọdá títì tí Adéfúnmi fi kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Dádì Dùnsìn, kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbà?"

"Kí ni kí n sọ fún un? Kí n ní bàbá ilé yìí ò gbọ́dọ̀ gbóòórùn wáìnì?"

"Ẹ jẹ́ ká sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì wa ò fàyè gbà á."

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo? Clement ọkọ ẹ̀ tá a jọ mu bíà ní gáráàjì wọn níjọ́sí, kí n tó jáwọ́, ńkọ́?" Ó fọwọ́ pa ojú. "Fúnmi, mi ò kí ń ṣe ọmọdé. Se é fún wọn. Mo ti kúrò níbẹ̀ yẹn."

Ó yẹ kí Adéfúnmi kọ̀ jálẹ̀. Òun náà mọ̀. Àmọ́ bó bá kọ̀, á ní láti sọ ìdí, bó bá sì sọ ìdí, á ní láti sọ irọ́ tó pa lọ́jọ́ tí ọmọ dúró sínú snow. Ó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Báyìí, Sátidé ti dé, minus twenty-eight ni fóònù kọ. Ní aago kan ọ̀sán, Adéfúnmi gbé ìkòkò ńlá kaná. Ó tẹ́ bébà tí Caroline kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sí síwájú. Ó bó èèpo ọsàn méjì tẹ́ẹ́rẹ́, ó kan kànáfùrù mọ́ ara ọsàn kẹta lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìṣó, ó ju igi sínámọ́nì mẹ́ta sí i, ó bu oyin. Ó gé atalẹ̀ sí i fúnra rẹ̀. Ìyẹn ò sí nínú bébà. Ó wá ṣí ìgò mẹ́rin, ó dà wọ́n sínú ìkòkò, ó fi méjì tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ microwave. "Má jẹ́ kó hó," ni Caroline kọ sísàlẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sí i nídìí, nítorí bí wáìnì bá hó, kíkorò ló ń dà. Adéfúnmi fa iná sílẹ̀ pátápátá. Ó dúró tì í, ó ń wò ó bí ẹni tó ń ṣọ́ mílíìkì lórí iná.

Kò pẹ́ tí òórùn náà fi gbòde. Òórùn dídùn ni, ká má purọ́. Ó kọ́kọ́ gba kíṣìnì, ó bọ́ sí pálọ̀, ó gun òkè lọ sí yàrá. Adéfúnmi tan fáànù orí sítóòfù, ó ṣí fèrèsé díẹ̀, òtútù fọ́ ọ lójú, ó sáré tì í. Kò sí bí èèyàn ṣe lè sá fún òórùn nínú ilé tí wọ́n tì pa nítorí òtútù.

Ṣínà ń to àga ní pálọ̀. Ó wá mu omi ní kíṣìnì. Nígbà tó yá, ó wá mú serviette. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò mú nǹkan kan. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo èéfín tó ń jáde lẹ́nu ìkòkò. Adéfúnmi rí ọ̀fun rẹ̀ tó gbéra sókè tó tún sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Fúnmi, ìgbà kẹrin nìyí tó o máa bi mí. Àbí kí n lọ dúró níta?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ Akeem títí wọ́n á fi lọ, mo máa ní iṣẹ́ pè yín."

"Irọ́ míì," ni Ṣínà wí. Ó padà sí pálọ̀.

Ní aago mẹ́ta, àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n ń gbọn snow kúrò lára, wọ́n ń to bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ojú gbogbo wọn pọ́n bí ata. Bí wọ́n ṣe ń gbóòórùn ilé ni wọ́n ń yin Adéfúnmi. Ó ń fi ìgbakọ bu wáìnì sí kọ́ọ̀pù, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára Ṣínà. Ó ń rí i, ó ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, tíì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Clement, ọkọ Caroline, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀, wò ó, ó ní kí ló dé tí onílé ń mu tíì níbi tí àlejò ti ń gbádùn. Ó bọ́ sí kíṣìnì, ó bu kọ́ọ̀pù kan kún dẹ́múdẹ́mú, ó sì kì í bọ ọwọ́ Ṣínà. Obìnrin kan dí Adéfúnmi lọ́nà, ó ń bi í léèrè ibi tó ti ra kọ́tìnì rẹ̀. Láti orí èjìká obìnrin náà ló ti ń wo ọkọ rẹ̀. Ṣínà di kọ́ọ̀pù náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó sún un mọ́ imú. Kò mu ún, kò sì gbé e sílẹ̀.

Nígbà tí Adéfúnmi fi já ara rẹ̀ gbà débẹ̀, kọ́ọ̀pù náà wà létí fèrèsé, ó kún, ó ṣì ń rú èéfín. Ṣínà kò sí níbẹ̀.

Ó wo ilé ìwẹ̀. Ó sáré lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀ sí basement. Kò sí. Ó dé kíṣìnì, ojú rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ microwave: ìgò kan ló wà níbẹ̀. Èkejì ti lọ. Lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, bàtà Ṣínà àti jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò sí, àmọ́ fìlà àti ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wà lórí ìkọ́. Fóònù rẹ̀ wà lórí ṣájà. Ọkọ̀ wà níta.

"Mommy, where's Daddy?" ni Dùnsìn bi í. Ó ti pé ọmọ ọdún méje báyìí, ojú rẹ̀ sì máa ń tètè rí nǹkan.

"Ó ń bọ̀. Lọ bá àwọn yòókù jókòó."

Ó wọ inú ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó pe Akeem.

"Àǹtí, kò sí lọ́dọ̀ mi o," ni Akeem wí. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó ti jáde. Ìgò kan tẹ̀ lé e."

"Àǹtí, ẹ wá a nísinsìnyí. Òtútù yìí ò kí ń ṣeré o. Mo ti ń bọ̀, àmọ́ ọ̀nà ò dáa, ó máa pẹ́ díẹ̀ kí n tó dé. Ẹ má dá wá a. Ẹ pe àwọn èèyàn."

Ẹ pe àwọn èèyàn. Adéfúnmi jókòó sétí báàfù. Iṣẹ́ tó ń ṣe ti kọ́ ọ ní ohun tí ọtí ń ṣe nínú òtútù: ó máa ń tan ara jẹ pé ara ń gbóná, èèyàn á jókòó, oorun á gbé e, ó tán nìyẹn. Ó lè dá gbé ọkọ̀ jáde, kó purọ́ pé yìnyín tán lòun ń lọ rà. Àmọ́ ọ̀nà mẹ́ta ló jáde ládùúgbò yẹn, oòrùn sì ti ń lọ sílẹ̀. Irọ́ kan kò lè wá ọ̀nà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó jáde, ó fa Caroline lọ́wọ́ wọ kíṣìnì.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ní nǹkan láti sọ fún yín," ló wí lédè Òyìnbó. "Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rí Dùnsìn lẹ́nu ilẹ̀kùn, Ṣínà ò ṣàìsàn. Ó ti mutí yó ni. Ó ti fi í sílẹ̀ látìgbà yẹn. Ó ti jáde báyìí, ó mú ìgò kan dání, kò dé fìlà."

Caroline gbé kọ́ọ̀pù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo mọ̀ nípa ọjọ́ yẹn," ló wí. "Mo gbóòórùn rẹ̀ lára rẹ̀ nígbà tí mo mú ọmọ wá fún un. Mo rò pé o máa sọ fún mi tó bá yá."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n se wáìnì?"

Ojú Caroline pọ́n. "Òun fúnra rẹ̀ ló ní kò sí wàhálà. Mo rò pé bí mo bá yọ yín sílẹ̀, ojú á tì yín. Mo ṣì í ṣe." Ó na ọwọ́, ó pa iná. Ó wá pariwo orúkọ ọkọ rẹ̀.

Clement kò ṣẹ̀fẹ̀ kankan mọ́. Àwọn ọkùnrin méjì míì gba ọ̀nà iléèwé, Caroline ní òun á dúró ti Dùnsìn, Adéfúnmi sì gorí ọkọ̀ ńlá Clement. "Èmi ni mo kì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́," ni Clement ń sọ ṣáá. "Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ rárá." Adéfúnmi ti fi ọwọ́ aṣọ rẹ̀ nu gíláàsì wíńdò débi tó ń dun ún lọ́wọ́. Pápá ìṣeré ọmọdé: kò sí ẹnìkan. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù: ọkọ̀ méjì, kò sí ẹnìkan. Lórí bẹ́ǹṣì kan, ó rí nǹkan dúdú tó ká jọ, ó fò bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Ọ̀rá ìdọ̀tí ni, tí snow bò. Ó padà sínú ọkọ̀, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

Ó ti ń ṣókùnkùn nígbà tí wọ́n yọ sí ojú títì ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i, lábẹ́ ìbòrí onígíláàsì tí èrò ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ó jókòó, orí rẹ̀ tẹ̀, ọwọ́ kan wà nínú jákẹ́ẹ̀tì.

"Dádì Dùnsìn!"

Ó gbójú sókè. Etí rẹ̀ méjèèjì ti funfun bí ẹfun. Adéfúnmi kúnlẹ̀ sínú snow níwájú rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú jákẹ́ẹ̀tì náà, ó fa ìgò jáde. Láti ilé ló ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí ìdérí rẹ̀ ṣì wà ní títì. Ìdérí ti ṣí. Wáìnì inú rẹ̀ ti dín díẹ̀.

"Ẹnu mẹ́ta ni," ni Ṣínà wí. Ètè rẹ̀ ti le, ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ẹnu mẹ́ta. Ilé Akeem ni mò ń lọ. Ẹsẹ̀ mi ń lọ sílé Akeem, ọwọ́ mi ò sì fi ìgò sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì ò dé."

Inú bí Adéfúnmi débi tí ì bá fi fọ́ ìgò náà mọ́ ilẹ̀. Ó sì ń ṣe é bíi kó sunkún. Kò ṣe èyí kò ṣe tọ̀hún. Ó gbé ìgò náà fún Clement, ó bọ́ ìborùn ọrùn rẹ̀, ó fi wé orí ọkọ rẹ̀ láti òkè dé àgbọ̀n.

"Ẹ má fọwọ́ ra etí yẹn," ló wí. "Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká lọlé."

"Àwọn èèyàn ṣì wà níbẹ̀?"

"Wọ́n ti mọ̀. Mo ti sọ fún wọn."

Ṣínà di ojú. Adéfúnmi rò pé yóò bínú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó fara ti èjìká rẹ̀, àwọn méjèèjì sì rọra rìn dé ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, bàtà méjì péré ló kù lẹ́nu ọ̀nà. Caroline ti ní kí wọ́n gbé ìkòkò wáìnì náà sọdá títì lọ sílé tirẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ àti àwọn àlejò, ó sì ti ṣí gbogbo fèrèsé kí òórùn lè jáde. Ilé tutù bí ibojì. Akeem ti dé. Òun ló ń ti fèrèsé pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn di Ṣínà mú, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ kú ewu," ó sì lọ gbé omi kaná.

Omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ ni Adéfúnmi fi ṣe ìtọ́jú rẹ̀, kò jẹ́ kó gbóná, bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn arúgbó rẹ̀. Ó ń fi aṣọ tó rẹ sínú rẹ̀ lé etí náà. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà síbẹ̀, Ṣínà ń kérora. Dùnsìn wá dúró níwájú bàbá rẹ̀, Caroline wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Daddy, did you drink it?"

Adéfúnmi yanu láti dáhùn. Ìdáhùn ti wà létè rẹ̀, èyí tó lè tu ọmọ nínú. Ṣínà gbé ọwọ́ sókè, ó dá a dúró.

"Yes," ló wí. "Mo mu díẹ̀. Kò dáa bẹ́ẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́."

Ọmọ náà ronú sí i. "Are you going to sleep now?"

"Rárá. Mo wà lójúfò."

Dùnsìn gun itan rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fara tì í. Ó jókòó gbọnrangandan bí àlejò. Ó pẹ́ kó tó gbé orí lé e láyà. Caroline yọ jáde láìdágbére.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Sunday, wọn kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ara etí Ṣínà ti wú, awọ rẹ̀ fẹ́ ṣí. Akeem mú Dùnsìn lọ bá àwọn ọmọ tirẹ̀ ṣeré, Adéfúnmi sì fi ọkọ̀ gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ìpàdé ní Forest Lawn. Ó fẹ́ jókòó sínú ọkọ̀ dè é, Ṣínà ní, "Bá mi wọlé. Wọ́n ní ẹbí lè jókòó tòní."

Àga onírin ló pọ̀ níbẹ̀, kọfí ń ta sánsán. Èèyàn bí ogún ló jókòó: bíríkìlà kan, nọ́ọ̀sì kan tó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́, bàbá àgbà kan tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, Ṣínà bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì dìde. Ó sọ orúkọ rẹ̀. Ó ní òun ti ní oṣù mẹ́rìnlá láìfẹnu kan ọtí, àmọ́ láti àná, ọjọ́ kan péré lòun ní.

Àwọn èèyàn náà pàtẹ́wọ́ fún ọjọ́ kan. Adéfúnmi náà pàtẹ́wọ́.